Páìpù Tó Ń Pariwo ní Pálọ̀ Àwọn Fálúyì

Gbogbo ọdún tí Ayọ̀túndé Fálúyì fi ṣiṣẹ́ ìjọba, ẹja ẹlẹ́ja ló ń bójú tó. Ẹ̀ka ọ̀gbìn ló wà, ọ̀rọ̀ ẹja sì ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ó gbé ní Ọ̀tùn, ó gbé ní Ìkọ̀lé, wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀mùò, wọ́n tún dá a padà sí Ọ̀tùn. Ibi yòówù kó dé, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lọ dúró létí adágún ẹja ẹlòmíràn, kó wo omi náà títí, kó mi orí, kó sì sọ fún ẹni tó ni ín pé omi yìí ti ń rùn. Àwọn ènìyàn sábà máa ń dá a lóhùn pé àwọn náà ti gbọ́ òórùn rẹ̀.

Beatrice ìyàwó rẹ̀ kò bá a káàkiri. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì ń gbẹ̀bí pẹ̀lú. Ìdó-Èkìtì ló ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ló dúró ti àwọn bíríkìlà títí ilé wọn lójú ọ̀nà Ùsì fi parí, òun ló sì tọ́ Ìdùnnú, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, kí ọmọ náà tó lọ máa gbé ní Ìbàdàn. Ọkọ rẹ̀ a dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a sì lọ ní ìdájí ọjọ́ Ajé. Ìgbéyàwó wọn dára. Wọn kò jà rí, nítorí pé àyè rẹ̀ kò yọ.

Nígbà tí àwọn méjèèjì fẹ̀yìn tì, wọ́n wá ń jókòó nínú pálọ̀ kan náà láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò tí kò mọ ibi tí mọ́tò náà ń lọ.

Beatrice á ní, "Oòrùn yìí mú o."

Ayọ̀túndé á ní, "Ó mú."

Ọ̀sán á pọ́n. Wọ́n á jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ, Ayọ̀túndé á ní, "Oòrùn yẹn ti ń rọlẹ̀," Beatrice á sì gbà pé òótọ́ ni.

Bí wọ́n ṣe wà nìyí tí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkọ̀lé fi kógbá sílé. Ọkùnrin tó ni ín mọ Ayọ̀túndé, nítorí Ayọ̀túndé ti sọ fún un nígbà kan rí pé omi adágún rẹ̀ ń rùn. Ó pè é lórí fóònù. Ó ní àpótí ẹja onígíláàsì tó wà níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò ṣì wà níbẹ̀, òun kò sì mọ ẹni tí òun lè fún bí kò ṣe Ayọ̀túndé.

"Ẹ wá gbé e, sà. Bí ẹ kò bá gbé e, mo máa fún oníbúrẹ́dì, kó máa to búrẹ́dì sínú rẹ̀."

Ayọ̀túndé kò tíì fẹ́ nǹkan kan fún ara rẹ̀ láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní kí wọ́n má fún oníbúrẹ́dì.

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ló gbé àpótí náà dé. Ó gùn, ó wúwo, aṣọ funfun ni wọ́n sì fi bò ó kí eruku má bàa ba gíláàsì jẹ́. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé, wọ́n ń rọra rìn, wọn kò sọ̀rọ̀. Florence, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, sáré gbé gèlè sórí, ó sọdá títì wá.

"Ìyá Ìdùnnú, ẹ kú ulé o. Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ta ni?"

"Kì í ṣe ènìyàn," ni Beatrice wí. "Àpótí ẹja ni."

Florence wo aṣọ funfun náà. "Ẹja," ló wí, ó sì dúró díẹ̀ sí i kó lè dá a lójú.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Ayọ̀túndé lọ sí dáàmù tó wà ní Ìkún, lọ́dọ̀ àwọn apẹja tó mọ̀ nígbà tó wà ní Ọ̀tùn. Inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí ló gbé àwọn ọmọ ẹja kéékèèké sí, tó fi ń bọ̀ wálé. Beatrice bẹ ojú wo inú kẹ́ẹ̀gì náà.

"Epìyà nìyí."

"Epìyà ni."

"Epìyà tí à ń jẹ yìí náà?"

"Àwọn yìí kì í ṣe jíjẹ."

"Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?"

Ayọ̀túndé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń wá ibi tó máa ki wáyà pọ́ǹpù bọ̀. Sólà tí Ìdùnnú ní kí wọ́n bá wọn gbé sórí òrùlé lọ́dún tó kọjá ni yóò máa gbé pọ́ǹpù náà ṣiṣẹ́.

Ó yẹ kí n sọ bí àpótí náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àpótí méjì ni. Èyí tí ẹja wà nínú rẹ̀ wà lókè, lórí tábìlì onírin. Èkejì, tó kéré sí i, wà lábẹ́ tábìlì náà, inú rẹ̀ ni omi ti ń gba inú kànìnkànìn kọjá kó lè mọ́. Ní igun kan àpótí òkè, wọ́n fi gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan la yàrá kékeré kan sọ́tọ̀. Bí omi bá ti kún dé ẹnu gíláàsì yìí, á máa ṣàn kọjá sínú yàrá náà, á bọ́ sínú páìpù tó dúró níbẹ̀, á sì gba inú ihò ìsàlẹ̀ lọ sí àpótí kejì. Pọ́ǹpù á wá máa fà á padà sókè. Omi ń lọ, omi ń bọ̀. Bí ènìyàn bá rò ó, kò burú.

Ariwo rẹ̀ ló burú. Páìpù náà tóbi ju omi tó ń gba inú rẹ̀ lọ, nítorí náà bó ṣe ń gbé omi mì ló ń gbé afẹ́fẹ́ mì pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń dún gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀, bí àgbàlagbà tó ń fi omi yọ ẹnu lówùúrọ̀ tí kò sì fẹ́ tu ú. Lábẹ́, níbi tí omi náà ti ń jábọ́, ohùn mìíràn tún wà níbẹ̀, èyí tí kò yàtọ̀ sí kí ènìyàn dúró ti ògiri kó máa tọ̀. Kò sì dákẹ́ rárá.

Ayọ̀túndé gbé àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. Ó ń wo àwọn epìyà náà láti òwúrọ̀. Beatrice ń wò ó bó ṣe ń wo ẹja. Wọn kò ní láti sọ ọ̀rọ̀ oòrùn mọ́, nítorí bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́, ẹnì kejì kò ní gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀ bí kò bá jẹ́ pé ìpàdé àdúrà wà. Ìjọ Áńgílíkà ni àwọn Fálúyì ń lọ, pálọ̀ Beatrice sì ni àwọn ará àdúgbò ti máa ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú, láti ìgbà tí ilé náà kò tíì ní àjà. Alàgbà Olúfẹ́mi ló máa ń darí wọn. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀, ó ga, ó sì máa ń di ojú rẹ̀ pinpin bó bá ń gbàdúrà.

Ní ọjọ́rú àkọ́kọ́ tí ẹja dé, gbogbo wọn yin ẹja náà. Wọ́n kọ orin. Wọ́n ṣí Sáàmù. Wọn kò tíì ka Sáàmù náà dé ìdajì tí Florence fi dìde, tó gba ẹ̀yìn lọ. Nígbà tó dé, ìyàwó Alàgbà náà dìde. Nígbà tí ìyẹn dé, àwọn méjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì wo ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Alàgbà bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó gbàdúrà fún ìjọba, ó gbàdúrà fún àwọn tó ń rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí àwọn aláìsàn, ó dákẹ́, ó la ojú rẹ̀.

"Ẹ máa bá a lọ," ló wí. "Mo ń bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bákan náà ló rí. Ìkẹta, àwọn kan ti lọ sí ẹ̀yìn kí wọ́n tó jókòó rárá, síbẹ̀ wọ́n tún lọ. Lẹ́yìn oore-ọ̀fẹ́, Alàgbà fa Ayọ̀túndé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá Ìdùnnú, ẹja yín dára. Ẹja ò ṣe wá ní nǹkan kan. Omi wọn ni."

"Mo ti rí i bẹ́ẹ̀."

"A ní ká máa lo ilé Florence fún ìgbà díẹ̀."

Beatrice gbọ́. Ó dúró kí gbogbo wọn lọ. Ó kó àwọn ìwé orin jọ, ó tò wọ́n sórí ara wọn, ó tún tú wọn ká, ó tún wọn tò. Ó wá lọ dúró níwájú ọkọ rẹ̀, níbi tí yóò ti gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.

"Ẹja lè dúró. Ariwo yẹn gbọ́dọ̀ kúrò. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé àdúrà kúrò nínú ulé mi nítorí epìyà."

Ayọ̀túndé gbà. Lọ́jọ́ Sátidé, ó gé fóòmù lára tìmùtìmù àtijọ́ kan, ó sì kì í bọ ẹnu páìpù náà. Ariwo dáwọ́ dúró. Ó yà á lẹ́nu pé bó ṣe rọrùn tó nìyẹn. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n lọ sí ìsìn.

Nígbà tí wọ́n padà dé, omi pàdé wọn ní fàráǹdà. Fóòmù ti wú, ó ti dí ọ̀nà pátápátá, pọ́ǹpù sì ti fa gbogbo omi ìsàlẹ̀ wá sókè láìbìkítà, títí àpótí òkè fi kún, tó sì tú sílẹ̀. Rọ́ọ̀gì ń léfòó. Bàtà ilé Beatrice kan ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó dé. Àwọn epìyà wà nínú omi wọn, wọ́n ń jẹ ewé tí Ayọ̀túndé jù sí wọn. Kò jọ pé wọ́n mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Beatrice bọ́ aṣọ ìsìn rẹ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́, àwọn méjèèjì sì gbá omi títí oúnjẹ ọ̀sán fi di oúnjẹ alẹ́. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni rọ́ọ̀gì náà fi wà lórí ògiri ọgbà. Àwọn tó ń lọ ń kí wọn kú ìmọ́tótó.

Wọ́n wá pe Ọpẹ́yẹmí, púlọ́ńbà tó ń gbé ní Ùsì. Ọ̀kadà rẹ̀ ló gùn wá, ó so páìpù mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni gbé ọ̀kọ̀. Ó wo àpótí náà níwájú, ó wò ó lẹ́yìn.

"Sà, mi ò ṣe irú uṣẹ́ yìí rí."

"Èmi náà ò ṣe é rí," ni Ayọ̀túndé wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Ọpẹ́yẹmí wí, ó sì mú ayùn.

Èrò tirẹ̀ ni pé ẹnu páìpù tó kọjú sókè ló ń jẹ́ kó gbé afẹ́fẹ́ mì. Ó gé e, ó fi ìgbọnwọ́ páìpù tẹ ẹnu rẹ̀ wá sísàlẹ̀ kó lè wà nínú omi, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pinpin. Wọ́n tan pọ́ǹpù. Wọ́n dúró. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Ọpẹ́yẹmí yọ fìlà. Beatrice sọdá títì lọ sọ fún Florence pé kí wọ́n máa bọ̀ lọ́jọ́rú, ilé ti tòrò.

Lóòótọ́ ló tòrò lọ́jọ́rú. Wọ́n kọrin, wọ́n ka ẹ̀kọ́, kò sí ẹni tó dìde. Alàgbà di ojú rẹ̀ pinpin, ó sì wọ inú àdúrà bí ẹni tí wọ́n ti ń jẹ ní gbèsè àdúrà. Ó ní, "Olúwa, a ń ké pè ọ́, dá wa lóhùn!"

"GBỌ́Ọ̀RỌ̀Ọ̀Ọ̀!" ni páìpù náà wí.

Àwọn kan ṣe àmín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí omi inú yàrá kékeré náà bá ga tó, páìpù á fa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí ènìyàn bá fa omi ṣáláńgá ìgbàlódé. Nígbà tó bá fà á tán, á dákẹ́ jẹ́ẹ́, á máa dúró kí omi tún gòkè. Ó kan jẹ́ pé nígbà tí Ọpẹ́yẹmí wà níbẹ̀, wọn kò dúró pẹ́ tó. Alàgbà bá àdúrà lọ, ṣùgbọ́n ó ti ń sáré báyìí, nítorí kò mọ ìgbà tí òmíràn máa dé. Gbogbo ilé di ojú, wọ́n sì ń fi etí dúró de páìpù. Nígbà tó tún dún, Florence rẹ́rìn-ín, ó sì gbé aṣọ bo ẹnu.

Ọpẹ́yẹmí padà wá lọ́jọ́ kejì. Òun àti Ayọ̀túndé jókòó sílẹ̀ níwájú àpótí náà. Ayọ̀túndé ní bóyá kí wọ́n lu ihò sí orí páìpù. Wọ́n lu ihò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí ihò náà padà.

Beatrice ń ṣa ẹ̀wà lórí àga. Ó ti ń gbọ́ wọn láti òwúrọ̀.

"Ṣé pé ẹ ò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ bá omi wọ inú rẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Ọpẹ́yẹmí wí.

"Kí ló dé tí ẹ ń da ẹnu òkè láàmú? Bí a bá fa omi sí aláìsàn lára, a kì í fọwọ́ kan ẹnu ìgò. Ìsàlẹ̀ la ti ń dí i. Ohun kékeré kan wà lára okùn rẹ̀ tí à ń yí, títí tí èyí tó ń lọ kò fi ní ju èyí tí a fẹ́ lọ. Okùn á kún fún omi látòkè délẹ̀. Níbo ni afẹ́fẹ́ fẹ́ gbà?"

Ọpẹ́yẹmí wo Ayọ̀túndé. Ayọ̀túndé wo páìpù.

"Fáàfù," ni Ọpẹ́yẹmí wí. "Ká fi fáàfù sí i nísàlẹ̀, ká máa yí i."

"Bí nǹkan bá tún wá dí i ńkọ́?" ni Ayọ̀túndé wí. Ó rántí rọ́ọ̀gì. "Bó bá tún kún?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gbà wọ́n ní àkókò. Ihò méjì ló wà nísàlẹ̀ yàrá kékeré náà: ọ̀kan fún omi tó ń lọ, èkejì fún omi tí pọ́ǹpù ń dá padà. Níkẹyìn wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí omi tó ń padà bọ̀ gba ẹ̀yìn àpótí kọjá sókè, kí ihò tirẹ̀ lè ṣófo. Wọ́n wá gbé páìpù kejì dúró sínú ihò náà. Wọ́n jẹ́ kó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọn kò sì fi fáàfù sí i rárá. Bí ti àkọ́kọ́ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, èkejì kò ní ju kó máa lá omi díẹ̀ lọ. Bí àkọ́kọ́ bá dí, èkejì á gbà á. Ọpẹ́yẹmí lọ ra fáàfù ní Ìfàkì, ó sì fi asẹ́ bo ẹnu páìpù àkọ́kọ́ kí ẹja má bàa wọ̀ ọ́. Ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì wọ inú omi ìsàlẹ̀ díẹ̀ kí omi má máa jábọ́ lé omi lórí mọ́.

Wọ́n tan pọ́ǹpù. Ó hó, ó ta, ó tutọ́ afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ayọ̀túndé di fáàfù mú, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, Ọpẹ́yẹmí ń wo yàrá kékeré náà, ó ń sọ fún un pé omi ń gòkè, omi ń lọlẹ̀, omi tún ń gòkè. Ẹ̀wà Beatrice ti wà lórí iná kí omi náà tó dúró sójú kan. Nígbà tó dúró, ohùn náà tinrín, ó tún tinrín sí i, ó sì tán.

Ọpẹ́yẹmí gbé etí lé gíláàsì. "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

Ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n jẹ ẹ̀wà, ó sì gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ayọ̀túndé àti Beatrice jókòó sínú pálọ̀ wọn. Iná àpótí nìkan ló tàn. Kò sí mọ́tò lójú ọ̀nà, kò sí ẹni tó ń gún nǹkan. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń gbé, wọn kò tíì jókòó nínú irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ayọ̀túndé rò pé ó yẹ kí òun sọ nǹkan. Oòrùn ti wọ̀, kò sí ohun tó lè sọ nípa rẹ̀.

Beatrice gbé orí sókè. "Kí ló ń dún yẹn?"

"Kò sí ohun tó ń dún. A ti tún un ṣe."

"Nǹkan kan ń dún." Ó dìde, ó lọ fi etí sí páìpù. Ó lọ fi etí sí pọ́ǹpù. Ó padà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ọkọ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ba. "Ẹ̀yin ni."

"Èmi?"

"Èémí yín ló ń dún. Ẹ tún mí."

Ó mí. Ó ń dún gan-an, lábẹ́lẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa omi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ife. Beatrice kò bá a jiyàn. Ó ní kó na ẹsẹ̀. Ó fi ìka tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé ìka kúrò. Ibẹ̀ jìn sínú, kò sì padà kíákíá.

"Láti ìgbà wo ni ẹsẹ̀ yín ti wú?"

"Kò wú. Bàtà yẹn ló kéré."

"Ìrọ̀rí mélòó lẹ ń rọ̀?"

"O rí i. Mẹ́ta. Bí mo bá dùbúlẹ̀ gbọọrọ, kì í bá mi lára mu."

Beatrice ti ń rí i lóòótọ́. Ó rò pé bó ṣe ń sùn ní Ọ̀mùò nìyẹn. Obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ àwọn aboyún ìlú wò, kò tíì tẹ ti ọkọ rẹ̀ rí títí di ìrọ̀lẹ́ yẹn. Ó jókòó sórí apá àga náà fún ìgbà díẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń ka ìlùkìkì ọkàn ló dì mú, ó sì ń kà á.

"Ẹ wọ ẹ̀wù," ló wí. "À ń lọ sí ọsibítù."

"Ní báyìí?"

"Báyìí ni."

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀, kò sì lágbára láti máa ti ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ẹni tó wò ó. Ó ní ó dára bí wọ́n ṣe tètè dé, nítorí àwọn mìíràn kì í wá títí wọ́n á fi dákú. Ó bi wọ́n pé kí ló jẹ́ kí wọ́n fura. Beatrice ní púlọ́ńbà ni. Dókítà náà kọ nǹkan sílẹ̀, kò bi wọ́n ní ìbéèrè mìíràn.

Wọ́n dá Ayọ̀túndé dúró sí wọ́ọ̀dù. Beatrice ń wá lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó sì ń lọ fún àwọn epìyà lóúnjẹ láàárín. Lọ́jọ́ kan, ó ṣílẹ̀kùn pálọ̀, ó gbọ́ pé ariwo ti padà. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ bàjẹ́. Ó wá ṣàkíyèsí pé páìpù kejì, èyí tí wọ́n gbé dúró nítorí ìjàǹbá, ló ń pariwo. Ilẹ̀ gbẹ. Ó pa pọ́ǹpù, ó ká apá aṣọ rẹ̀, ó sì ti ọwọ́ bọ yàrá kékeré náà. Ọmọ epìyà kan ti fo gíláàsì kọjá, ó sì ti há mọ́ ẹnu asẹ́ páìpù àkọ́kọ́, pẹ̀lú ewé tó dì mọ́ ọn. Ó fà á jáde, ó jù ú padà sínú omi. Ẹja náà dúró díẹ̀, ó sì lúwẹ̀ẹ́ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ ọ́ fún Ayọ̀túndé lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bó ṣe há. Ayọ̀túndé bi í nípa fáàfù. Ó ní òun kò fọwọ́ kàn án. Ó bi í bóyá omi ṣì dúró níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó ní ó dúró. Ọ̀rọ̀ náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù fi wá sọ fún wọn pé àkókò àlejò ti kọjá. Ọmọ tí Beatrice gbẹ̀bí rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ọ̀hún, nítorí náà ó sọ ọ́, ó sì tún lọ.

Ayọ̀túndé wo òrùlé. "Ìyá Ìdùnnú, mo máa sọ nǹkan kan fún ọ. Ariwo yẹn kò dà mí láàmú rárá."

"Mo mọ̀."

"Bí mo bá jókòó tì ọ́, mi kì í mọ ohun tí mo lè bá ọ sọ. Mo ń rò ó títí. Nígbà tí ẹja wá dé, mo ní, ó dáa, ẹja á máa bá wa sọ ọ́."

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

Ó rò ó. "Gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀."

Beatrice rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Aláìsàn orí bẹ́ẹ̀dì kejì yí ojú sí ògiri.

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n kó oògùn lé e lọ́wọ́, wọ́n sì gba iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀ ni àwọn méjèèjì wá ń jẹ, nítorí Beatrice ní òun kò lè máa se ìkòkò méjì. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí ni wọ́n kọ́kọ́ fi jà nínú ìgbéyàwó wọn. Wọ́n jà á fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ó ya àwọn méjèèjì lẹ́nu bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ṣe tó.

Ìpàdé àdúrà padà sí ilé wọn. Alàgbà Olúfẹ́mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìwòsàn, ó sì dúpẹ́ débi tó wù ú, nítorí kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa parí, Florence ti sùn.

Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan tó ní ilé àlejò ní Ọ̀tùn gbọ́ nípa wọn. Òun náà ní àpótí ẹja, àwọn àlejò rẹ̀ sì ń ráhùn pé àwọn kò lè sùn. Ó bẹ Ayọ̀túndé kó wá wò ó. Beatrice ní kò ní dá lọ, òun kò tún fẹ́ gbọ́ pé ó wà ní Ọ̀tùn tí òun wà ní Ìdó. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wọ takisí lẹ́bàá ọjà, àwọn méjèèjì jọ jókòó níwájú lórí àga kan ṣoṣo, bí àwọn awakọ̀ agbègbè wa ṣe máa ń fẹ́ kí ènìyàn jókòó. Beatrice gbé fáàfù tuntun kan lé itan, ó fi ìwé ìròyìn wé e.

Awakọ̀ bojú wò ó. "Mà, kí lẹ gbé yẹn?"

"Fáàfù ni."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Beatrice bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un. Ayọ̀túndé dá a dúró, ó ní kò rí bó ṣe sọ ọ́ yẹn, páìpù kejì ni kó kọ́kọ́ sọ. Beatrice ní òun ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n kọjá Ùsì, awakọ̀ sì ti tan rédíò rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ ọ.